Láti Òsì dé Ìlọfà: Ẹ Fi Òòlù Lu Òpó, Kẹ́ Ẹ Gbọ́ Ohùn Rẹ̀

Ẹni tó bá gba Òsì lọ sí Odò-Ọwá àti Ìlọfà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ilẹ̀ àwọn agbẹ́gilére ló ń rìn yẹn. Òsì ni Àreògún ti gbẹ́ igi. Odò-Ọwá ni ti Bámigbóyè, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tí Yunifásítì Yale pàtẹ rẹ̀ ní 2022. Gbogbo oníṣẹ́ igi ló mọ̀ pé bí ikán bá ti wọnú igi, ìta rẹ̀ ṣì lè máa dán.

Lónìí, kọnkéré ti gba ipò igi àti amọ̀. Àwọn ọlọ́jà á tẹ́ àtẹ sábẹ́ dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí òjò má baà pa gaàrí wọn. Kọnkéré náà ní ikán tirẹ̀ o! Ìpẹtà ni.

Sìmẹ́ńtì máa ń dáàbò bo rọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, á sọ ààbò yẹn di asán. Bí omi bá wá bá a níbẹ̀, irin á dógùn-ún. Ìpẹtà sì máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, ní ìlọ́po 2 títí dé 6. Níbo ló fẹ́ wú sí? Á máa ti kọnkéré títí tí yóò fi là.

Ní Èkó, iyọ̀ òkun máa ń dá kún un. Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ jìnnà sí òkun ní tiwọn, nítorí náà ọwọ́ bíríkìlà ni kí onílé kọ́kọ́ máa wò. Omi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan tó àpò sìmẹ́ńtì kan, kó tilẹ̀ dín bí yanrìn bá ti tutù. Àmọ́ kọnkéré tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu rọrùn láti dà, ni wọ́n ṣe ń bu omi lé omi. Àwọn mìíràn á tẹ́ rọ́ọ̀dù lé pákó lásán, láìfi bísíkíìtì kọnkéré gbé e sókè. Tí wọ́n bá tú pákó tán, irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú. Òpó tí òjò ń pa yẹ kó ní kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 4 lórí irin rẹ̀, kí wọ́n sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7.

Ilé tó ti wà ńkọ́? Ìyá oníkòkò mọ ìkòkò tó sán nípa kíkàn án. Kí wọ́n fi òòlù kékeré lu òpó àti abẹ́ dẹ́kìn bẹ́ẹ̀. Èyí tó le á dún kó-kó, èyí tó ti bó nínú á dún gbò-gbò. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú àti ìlà tó là gbọọrọ tọ irin lọ, àmì ni. Àwọn ẹnjiníà ní oògùn kan, phenolphthalein: wọ́n á ta á sójú kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ibi tó ṣì ń dáàbò bo irin á pọ́n, ibi tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́ kò ní yí àwọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ náà ni wọ́n ṣí afárá Morandi ní Genoa, ní Ítálì. Okùn irin inú kọnkéré rẹ̀ dógùn-ún níbi tí ojú kò tó. Ní August 14, 2018, ó wó, ó pa èèyàn 43.

Fífi pílásítà tuntun bo ibi tó là kò wo nǹkan kan sàn. Ìpẹtà ṣì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní láti gé èyí tó ti bàjẹ́ kúrò títí dé ẹ̀yìn irin, kí wọ́n ha irin mọ́, kí wọ́n tó da tuntun. Bó bá sì jẹ́ òpó ni, kí ẹnjiníà wá, kí wọ́n fi igi gbé dẹ́kìn dúró, kí àwọn ọlọ́jà sì kó àtẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí òòlù àkọ́kọ́ tó bà á.