Kérésìmesì Láàárín Ọkọ̀ Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ọ̀rọ̀ náà rọ àgbẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé oko rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ọ̀nà tí ó bá gbà lọ ní òwúrọ̀ náà ni yóò gbà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ni àbọ̀ ẹni tí oko rẹ̀ ń rìn kiri lórí omi? Ìbéèrè yìí ni ó gbà mí lọ́kàn nígbà tí mo lo ọdún Kérésìmesì 2023 ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní ìlú Àgùdà.

Bọ̀dá mi, ọmọ ìyá mi tí ó ṣáájú mi wáyé, ni ó mú mi dé ibẹ̀. Ilé ìdáná ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kiri ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni àdéhùn iṣẹ́ wọn máa ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n sì fi ń dáná, nítorí pé ikùn kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, tí àwọn àlejò àná bá sọ̀ kalẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, àlejò tuntun ti kún inú rẹ̀, ìkòkò sì tún ti wà lórí iná. Ní ọdún náà, ọkọ̀ kan sọ wọ́n kalẹ̀ ní Salvador ní ọjọ́ 19 oṣù Disẹ́ńbà. Èyí tí wọn yóò tún wọ̀ kò ní í dé títí di ọjọ́ 28. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó wà láàárín ọkọ̀ méjì. Wọn kò wá sílé. Èmi ni wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún, pé kí n wá bá àwọn ṣe ọdún.

Ó ti di ọdún mẹ́fà nígbà náà tí wọ́n ti fojú kan Abẹ́òkúta gbẹ̀yìn. Màmá wa kò bá mi jiyàn. Wọ́n di fìlà abetí-ajá Bàbá wa olóògbé sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n gbé e fún un. “Bá mi wò ó dáadáa,” ni wọ́n wí. “Owó rẹ̀ ni mo ń rí, n kò rí ojú rẹ̀.”

Mo dé ibẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21. Nílé, ọyẹ́ ni à ń retí bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé. Ní Salvador, ìgbà ooru gan-an ni oṣù Disẹ́ńbà. Oòrùn ń ta bí ata, síbẹ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù to òwú funfun sójú fèrèsé kí ó lè jọ yìnyín, ohun tí kò jábọ́ ní ìlú náà rí. Apá méjì ni ìlú ọ̀hún pín sí: ìsàlẹ̀ wà létí omi níbi tí èbúté wà, apá kejì sì wà lórí òkè. Ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ti ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè láti ọdún 1873. Apá òkè ni yàrá tí bọ̀dá mi háyà wà, mo sì kíyè sí i pé èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi ni wọ́n yàn. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń retí oúnjẹ wọn. Wọn a jókòó sójú fèrèsé, wọn a máa wo iná àwọn ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, aṣọ funfun kún ojú pópó. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti Òrìṣàńlá, tí ahọ́n wọn ti sọ di Oxalá, àwọn tí kì í bọ òrìṣà pàápàá a sì máa tẹ̀ lé àṣà náà. A bá obìnrin kan tí ó wé gèlè funfun, tí ó jókòó ti agbada epo pupa. Àkàrà ni ó ń dín! Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ “àkàrà” àti “jẹ” nínú rẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba wọn kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Obìnrin náà la àkàrà sí méjì, ó fi ọbẹ̀ àti edé gbígbẹ sí i láàárín. Bọ̀dá mi bù ú jẹ, wọ́n dúró. “Ti Màmá ni èyí,” ni wọ́n wí. “Gbogbo oúnjẹ tí mo ń sè lórí omi, n kò dín àkàrà rí.”

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí àkàrà náà ti dé ibẹ̀. Ní ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ Salvador dó, òun sì ni olú-ìlú Bùràsíìlì títí di ọdún 1763. Nígbà tí ogun gba ilẹ̀ wa kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni a kó lẹ́rú dé èbúté náà, tí wọ́n ń pè ní Nàgó. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wọn dìde ogun. A ṣẹ́gun wọn, a sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n wọ ọkọ̀ bọ̀ wá sí Èkó, wọ́n sì di ará Pópó Àgùdà. Oko ẹrú kò dópin ní Bùràsíìlì títí di ọdún 1888. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: àwọn tí ó kù lọ́hùn-ún di àkàrà mú ṣinṣin; àwọn tí ó padà bọ̀ di frejọ́nù mú, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí àwọn ọmọ wọn ń jẹ ní Èkó ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Yemọja pàápàá, tí à ń bọ ní odò Ògùn ní Abẹ́òkúta, ti di ìyá òkun ní Bahia. Ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlè lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé òdòdó àti lọ́fíńdà lọ fún un ní Rio Vermelho. Ó pààrọ̀ omi, kò pààrọ̀ orúkọ.

Òru ọjọ́ 24 ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ oúnjẹ ọdún. Bọ̀dá mi se ìrẹsì, wọ́n dín ẹja. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo gbé fìlà náà kalẹ̀ níwájú wọn.

“Bọ̀dá, owó tí ẹ fi gbé mi wá ì bá gbé yín délé. Kí ló dé?”

Wọ́n dákẹ́ títí. “Tíṣà,” ni wọ́n wí níkẹyìn, “ní ọjọ́ tí ẹ sin Bàbá, ẹja ni mo ń dín fún àwọn tí ń jó. Mo tọrọ ààyè. Wọ́n ní èbúté ṣì jìnnà. Bí mo bá wọ ilé báyìí, wọn yóò máa wò mí bí ọmọ tí kò sin baba rẹ̀. Níhìn-ín, kò sí ẹni tí ó mọ̀.”

“Kò sí ẹni tí ń wò yín bẹ́ẹ̀ nílé, bọ̀dá.”

“Èmi ń wo ara mi.”

N kò rí ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, mo sì ń wo èbúté nísàlẹ̀. Àwọn tí a kó dé ibẹ̀ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà kò sin baba wọn. Wọn kò ní ọ̀nà àtipadà. Síbẹ̀ wọ́n ń pe orúkọ, wọ́n ń ta epo sílẹ̀, wọ́n ń dín àkàrà, títí ilẹ̀ àjèjì fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀nà bọ̀dá mi ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹsẹ̀ ni kò gbé.

Ní ọjọ́ 27, bí wọ́n ti ń di ẹrù, wọ́n dé fìlà náà, wọ́n wo dígí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ṣí i. Wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá. “Gbé e fún Màmá. Bí ó bá wà lọ́wọ́ mi, kí ni n ó tún wá gbà nílé?” Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, èmi náà sì kọrí sílé. Màmá wa gba ọ̀rá náà, wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ wọn wí, wọ́n sì fi fìlà kọ́ sí ìṣó nínú yàrá wọn. Ibẹ̀ ni ó ṣì wà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òwe ilé àti oko, ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé ohun tí ó bá ń dúró de ènìyàn ni ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ ní ẹni yín lórí omi tàbí lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ti ń ka owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ bá wọn fi nǹkan kan pamọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.