Ọmọ Tí Ó Tú Ẹ̀rọ Wò

Kọ̀ǹpútà 11 ni wọ́n fi ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ ní Bantè, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí licence bọ̀ láti Yunifásítì Abomey-Calavi. Àlòkù láti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́. A sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, a ya fọ́tò, a kó wọn sí yàrá kan, a sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí àlejò bá dé nìkan ni a ń ṣí i. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, kò sí èyí tí ó tàn mọ́. A di ẹ̀bi náà ru eruku ọyẹ́, a dì í ru ooru, a dì í ru iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì troisième nígbà náà, ọmọ Itcha bíi tiwa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó gba ojú fèrèsé wọ yàrá náà. Nígbà tí a ká a mọ́ ibẹ̀, ó ti tú méjì nínú àwọn ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó to gbogbo ìdè kéékèèké sórí ìwé, ó sì ya àwòrán ibi tí ó ti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà ṣì wọ́n dá padà. Àwòrán náà wà níwájú wa, a kò wò ó. A pè é ní olè, a sì lé e sílé fún ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 pé, kò padà.

Ó pẹ́ kí ojú tó tì wá, ìròyìn láti Lomé ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2012, ayàwòrán-ilé kan, Sénamé Koffi Agbodjinou, dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ó pè ní WoeLab, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lè wọlé, kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí wọ́n sì jọ kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn, Afate Gnikou, kó àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ìyàwòrán-ìwé àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dà nù jọ, ó tú wọn, ó sì fi egungun wọn kan ẹ̀rọ tí ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan ní ìpele-ìpele, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní imprimante 3D. W.Afate ni orúkọ rẹ̀. Ní 2013, iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn ní Paris nínú ìdíje Space Apps ti NASA. Ní Cotonou tiwa níhìn-ín pẹ̀lú, BloLab wà, tí àwọn ọmọdé ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ẹ̀kọ́. Ní èdè Fọ̀n, «ṣe» ni ìtumọ̀ blo. Ohun tí ó gún wa lọ́kàn ni pé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yẹ́ ẹnìkan sí ní Paris ni àwa torí rẹ̀ lé ọmọ kan ní Bantè.

A gbọ́ pé ó wà ní Savalou, lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń tún rédíò àti fóònù ṣe. Àwa mẹ́ta ni a wọkọ̀ lọ, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún iṣu ti 15 oṣù kẹjọ, tí ìlú ṣì kún fún àlejò. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fa àga fún wa. A bẹ̀ ẹ́. Ó wolẹ̀, ó ní: «Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àgbà kì í bẹ ọmọdé báyìí. Àwòrán tí mo yà ńkọ́?»

A ti sọ ọ́ nù. A dákẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, ará Mahi tí ó gbọ́ èdè wa dáadáa, ni ó yọ wá nínú ìtìjú náà: «Ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju oúnjẹ rẹ̀ lọ.» Ó gbà kí ó máa wá sí Bantè ní Sátidé, bí àwa bá lè san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó yọ pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́, ó fi ìrésà àwọn ọmọ iléèwé ha ẹnu rẹ̀ tí ó ń dán bíi wúrà, ó dá a padà, ẹ̀rọ kan sì tàn. Àwọn ọmọ pariwo. Èyí tí ó kù kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, àwọn condensateur, àwọn ohun roboto bí agolo kékeré tí ń gba iná dúró, ti wú lórí. A ti ṣe ìṣirò condensateur kún ìwé ní yunifásítì. A kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Òun ni ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé ìdí wọn, tí ó yọ wọ́n, tí ó sì ń wá irú wọn nínú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Nígbà tí kò rí èyí tí ó bá nọ́ńbà mu, ó so méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀. Èyí ni àwa mọ̀. A kọ ọ́ sójú pátákó fún un: bí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára wọn a ro pọ̀, bí wọ́n bá tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, a dín kù. Ó tẹjú mọ́ pátákó náà títí, ó ní: «Kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí fún wa ní kíláàsì?» A ti sọ ọ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n létà ni a fi sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan ní seconde ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: àìsàn ẹ̀rọ, ohun tí ó fà á, oògùn tí a lò. Ìwé rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé orí ihò iná kan ṣoṣo nínú yàrá náà ni ẹ̀rọ mẹ́ta ti jóná. Nínú àwa àgbà, ta ni ó wò ó rí?

Ẹ̀rọ 5 ni ó jí. Mẹ́fà tó kù di ẹran ara fún márùn-ún. Nítorí pé wọ́n ti darúgbó jù fún Windows tuntun, Emmabuntüs ni a fi sínú wọn, ètò Linux tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gan-an, tí kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. A sọ fún àwọn ọmọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ni Linus Torvalds ní Helsinki nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, àti pé ó fi iṣẹ́ náà síta fún àwọn tí kò mọ̀ rí láti bá a tún un ṣe. Wọ́n bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ká a mọ́ ojú fèrèsé.

Láti ìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí ń kọ ìwé. Ọmọ wa láti Savalou ń kọ́ àwọn mẹ́jọ lẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé, ó sì ti ń sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gba fọ́ọ̀mù BEPC wá fún un, kí ó lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bíi candidat libre. Ọ̀gá rẹ̀ kò kọ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó fẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìyá ọmọ náà bi wá bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kò tún ní lé e. A sọ pé rárá. A rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wa kò tíì wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí a dé ìsọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fọ́ọ̀mù náà wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn iná. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó ti kọ sí i.