Eré Ìje Ẹlẹ́ni Mẹ́rin ní Òkè Shere

Àwa mẹ́rin tí Ẹgbẹ́ wa ní Jos rán lọ sí eré ìje òkè Shere ti dé láyọ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn wá.

Kẹ̀kẹ́ la kọ́kọ́ gùn, a sì tukọ̀ kọjá lórí adágún Lamingo, kí a tó fẹsẹ̀ gun òkè náà, tí ó ga ju mítà 1,800 lọ sí ojú òkun. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Jos rí mọ bí ó ti ń rí.

Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé àkókò ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kà fún gbogbo wọn. Bí ẹni mẹ́ta tilẹ̀ sáré bí ẹtu, bí ẹnì kẹrin kò bá tí ì dé, wọn kò tí ì dé.

Ìyàwó Akápò, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, ló ń ṣíwájú títí orúnkún fi mú un lórí àpáta. Ó ní kí a máa lọ. A kọ̀. A pín ẹrù rẹ̀ gbé. Ẹni tó lágbára jù nínú wa so okùn mọ́ ìbàdí, obìnrin náà sì di ìdí okùn mú. Òfin gba èyí láyè. Ẹgbẹ́ méje ló kọjá wa. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, a bá mẹ́ta nínú wọn níjòókòó, tí wọ́n ń wo ọ̀nà fún ẹnì kẹrin wọn!

Ipò karùn-ún la ṣe. Orúnkún ti ń rọlẹ̀. Akápò ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkè mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ń bèèrè ọjọ́ ti ọdún tó ń bọ̀.