Láti Ìkòtún lọ Wo Wágùnù Olókùúta

Ojú irin kò dé Ìkòtún. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní láti gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá lọ sí Agége, lójú ọ̀nà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí là ní 1896, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901.

Ẹrù inú àpò ni a fi mọ rélùwéè: kòkó, ẹ̀pà, èkùrọ́. Ṣùgbọ́n èédú Énúgù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ kó lọ sí Port Harcourt ní 1916, láìdì ni wọ́n ń dà á sínú wágùnù.

Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, mo dúró ní Agége wo wágùnù tí ó kó òkúta wẹ́wẹ́. Ó fẹ̀ lókè, ó há nísàlẹ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Ìlẹ̀kùn wà ní ìdí rẹ̀. Bí a bá ṣí i, òkúta a tú jáde fúnra rẹ̀ sí àárín irin, ọkọ̀ a sì máa rọra lọ. Kò sí ṣọ́bìrì níbẹ̀. Òmíràn nínú irú wágùnù bẹ́ẹ̀ ń gbé 60 tọ́ọ̀nù.

Mo rántí yanrìn tí mo rà nígbà tí mo ń kọ́lé. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn típà náà kò dé dáadáa. Láti Ìgàndò ni ó ti ń dà sílẹ̀, mo sì san owó rẹ̀ pé. (Ìyàwó mi kò tíì gbàgbé.) Ẹ̀bá irú ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ láti Agége ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ka típà 11 kí n tó dé ọjà Ìkòtún.