Ọyẹ́ Dé, Òrí Dà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọyẹ́ kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tó sùn lálẹ́ tí ara rẹ̀ ń dán lè jí láàárọ̀ kó rí i pé ètè òun ti bó, pé ẹsẹ̀ òun funfun bí ẹni tó rìn nínú eérú. Afẹ́fẹ́ tó ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ wá bá wa láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta kò ní omi nínú, omi ara wa ló sì ń fà mu. Ibi tó bá ti rí awọ tí kò ní ọ̀rá, ibẹ̀ ló ń là. Nígbàkigbà tó bá dé, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń rántí: agolo òrí tí mo tì sábẹ́ ibùsùn ní ọdún 1976.

Lọ́dún náà, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì, àwa náà sì ti ń ṣe bí ọ̀gá. Ṣakí ni ilé wa. Òrí ni màámi ń ṣe. Ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Wọn á ṣa èso lóko, wọn á sè é, wọn á sá a, wọn á pa á, wọn á yan kóró rẹ̀, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á wá fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Wọn á tún gbé ọ̀rá náà ka iná kí wọ́n tó dà á sínú igbá. Ọwọ́ á ro ni, ẹ̀yìn á ro ni.

Bí mo ṣe ń padà sílé-ìwé, màámi ki òrí kún agolo mílíìkì ńlá kan fún mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ọmọkùnrin kan fi ọwọ́ di imú, ó ní, “Ẹ kú ilé o, olórí òrí!” Orúkọ dé nìyẹn. Mo ti agolo náà sábẹ́ ibùsùn, mo lọ ra ìpara olóòórùn dídùn lọ́jà. Ẹni tó tà á fún mi ní yóò mú ojú mi mọ́. Ó mú un mọ́ lóòótọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, gìgísẹ̀ mi sì là débi pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo ń tiro lọ sí kíláàsì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni màámi yọ sí mi. Wọ́n gbé òrí wá tà ní Ọjà Ọba.

“Àkànbí, kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?”

“Ọyẹ́ ni, màámi.”

“Òrí tí mo fún ọ dà?”

“Ó ti tán, mà.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn kí wọ́n fi jókòó. Agolo náà wà níbẹ̀, eruku bò ó, ó kún dẹ́nu.

Mo ń retí ìgbátí. Wọn ò gbá mi. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n béèrè. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi lójú gbogbo àwọn ọmọ yàrá, wọ́n nù ún díẹ̀, wọn ò jẹ́ kó gbẹ tán. Wọ́n bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ra á títí ó fi yọ́, wọ́n wá fi pa gìgísẹ̀ mi. Wọ́n ní, “Òrí kì í bu omi sára. Omi tó bá wà lára ló ń sé mọ́ ọn. Awọ tó ti gbẹ, kí ni yóò sé?” Ẹni tó sọ mí lórúkọ gan-an ló kọ́kọ́ na ọwọ́: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi díẹ̀.” Kílẹ̀ tó ṣú, agolo ti dé ìdajì.

Mo sìn wọ́n dé gárééjì. Nígbà tí wọ́n ń gun bọlẹ́kájà, wọ́n ká ìró sókè díẹ̀, mo sì rí gìgísẹ̀ wọn. Ó là ju tèmi lọ.

“Màámi, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òrí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Èyí tí mo tà ni owó ilé-ìwé rẹ. Èyí tó kù ló wà nínú agolo.”

Mọ́tò gbéra. Mi ò rí èsì fọ̀.

Màámi ti re ibi àgbà ń rè. Bí ọyẹ́ bá ti dé, bí wọ́n ti kọ́ mi ni mo ń ṣe. Omi wọ́ọ́rọ́ ni mo fi ń wẹ̀, nítorí omi gbígbóná janjan a máa fọ ọ̀rá ara lọ. Kí ara tó gbẹ ni mo ti ń pa òrí. N kì í fi ahọ́n lá ètè, torí bí itọ́ bá gbẹ, á tún bó sí i ni. Lálẹ́, màá pa gìgísẹ̀, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ìpara tó ń mú ojú mọ́ kò wọ ilé mi mọ́. A ti wá mọ̀ pé mẹ́kúrì wà nínú òmíràn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn òórùn òrí, àdín àgbọn wà, fásilíìnì wà, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì ní ìyá nílé, kí ẹ tó gba òrí lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn.