Ibi Tí Bàbá Mi Nàka Sí

Ọdún 1961 ni bàbá mi kọ́kọ́ mú mi lọ sí etíkun Bar Beach ní Èkó. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣe ìsìn tán ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó há a mọ́ abíyá, ó wá nàka sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ní ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn la ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí a wà ní kékeré." Mo wo ibẹ̀ títí. Omi ni mo rí. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, àfìgbà tí mo wo ojú rẹ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tó gbé pápá bọ́ọ̀lù wọn lọ.

Láyé àtijọ́, ebè iyanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀nà Èkó tí ọkọ̀ ńlá ń bẹ̀rù. Èbúté Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù wa sínú ọkọ̀ kéékèèké kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun ní apá méjèèjì ẹnu omi náà. Arò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta ọ̀hún, tí reluwé ń kó o bọ̀. Ọkọ̀ ńlá wá ń wọlé. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé iṣẹ́ náà ò wúlò, òun ló sọ Èkó di ohun tó dà.

Ṣùgbọ́n iyanrìn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ lọ jókòó sétí òkun, kí ẹ wo ìgbì dáadáa. Kì í kọjú sí wa gan-an. Láàárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá. Bó bá ń gun iyanrìn, á gùn ún ní ìdábùú. Bó bá ń padà, á padà tààrà. Iyanrìn tó bá gbé, á sún un díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Díẹ̀ náà ni, àmọ́ ìgbì kì í sùn. Báyìí ni iyanrìn ṣe ń rìn gba Tógò, Kútọnu àti Àgbádárìgì wá sọ́dọ̀ wa. Èyí tí òkun bá kó lọ lónìí, òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn tó máa rọ́pò rẹ̀.

Òkúta yẹn ló dá a lọ́nà. Ní ìwọ̀-oòrùn, iyanrìn gbára jọ, etíkun fẹ̀ sí i. Tarkwa Bay tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, iṣẹ́ èbúté náà ló bí i. Ní Bar Beach, tó wà ní ìlà-oòrùn, omi ń kó iyanrìn lọ, kò sí èyí tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀.

Títí mo fi darúgbó ni ìjọba ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun wá dí ibẹ̀. A ó yọ̀. Àwọn tó ń ta ẹja díndín á tún pàgọ́, àwọn aláṣọ funfun á tún wá gbàdúrà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iyanrìn á ti bá tirẹ̀ lọ. Mo rántí àárọ̀ kan tí omi òkun gba títì Ahmadu Bello, tí a ká ṣòkòtò dé orúnkún ká tó ríbi kọjá. Lómé àti Kútọnu náà kọ́ èbúté ní àwọn ọdún 1960, ilẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn wọn sì jìyà kan náà.

Lónìí, Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, ti dé, pẹ̀lú ògiri kọnkéré ńlá. Ibi tí bàbá mi nàka sí ti tún di ilẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sí Òkun Alfa, tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, bàbá kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ nàka sínú omi, ó ní ibẹ̀ ni agboolé àwọn wà. N kò rí èsì kankan fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ tún fẹ́ to òkúta sínú òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo àwọn tó ń gbé ní ìlà-oòrùn yín.