Ta Ló Tẹ Omi Arinta Pẹlẹbẹ?

Mo ya fọ́tò omi Arinta ní Ìpólé-Ìlórò bó ṣe ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti orí àpáta. Mo gbé e sínú áàpù tí mò ń kọ, ni omi bá rí pẹlẹbẹ, ọ̀rẹ́ mi tó dúró níwájú rẹ̀ sì ki pọ́pọ́ bí àgbá. Ọwọ́ mi ló fà á: fọ́tò fẹ̀ ní píksẹ́lì 3000, ó ga ní 4000, mo wá fún un ní 360 sí 360! Ṣe ló yẹ kí n fi ìbú tuntun sọ gíga àtijọ́ di púpọ̀, kí n fi ìbú àtijọ́ pín in: 360 × 4000 ÷ 3000, gíga tuntun á jẹ́ 480. Agbọnbiofẹ, agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó ààfin Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ orí ère tóbi ju ara lọ ni o. Èmi ò mọ̀ọ́mọ̀.